Agbọ́n Ìyá Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n gbé Vespa Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀ àtijọ́, sí. Wọ́n da páànù bò ó, wọ́n wá to igi ìdáná lé páànù lórí. Nígbà tí mo kó igi kúrò tí mo ṣí páànù, adìyẹ kan ló jókòó síbi ìtẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sàba lé ẹyin, ó ń wò mí bí onílé ṣe ń wo agbowó-orí.

"Òun ló ni ín báyìí," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí láti orí àga rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀. "Òun ni kó o lọ bẹ̀."

Mo dúró títí adìyẹ fi pa ọmọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe nìyẹn. Lójú mi nígbà yẹn, oṣù mẹ́rin péré ni n ó fi parí rẹ̀, torí mo ti ka ìwé, mo ti wo fídíò, mo sì ti ra sípánà tuntun. Ọdún méjì àti oṣù mélòó kan ló gbà. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí, mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ráyè, àní Sátidé tí kò bá sí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Ẹni tó bá ń gbé nílẹ̀ Yorùbá mọ iye irú Sátidé bẹ́ẹ̀ tó kù lọ́dún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá Nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ṣe ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn dé àwọn abúlé ọ̀nà Òkèhò, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Owó Údójì ló fi ra Vespa rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì dáyé nígbà náà, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ló dábàá pé kí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́. Ìjọba Gowon fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún 1974, nígbà tí 1975 sì wọlé, wọ́n ka àfikún oṣù mélòó kan tó ti kọjá lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú gbóná. Ẹlòmíì ra giramafóònù, ẹlòmíì ra Honda, ẹlòmíì fi gbé ìyàwó kejì wálé. Kò pẹ́ tí ọjà fi gbówó lérí tí owó náà sì di omi. Ti Ìyá Nọ́ọ̀sì ò di omi. Ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó sì gun Vespa 150 Super padà wọ Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ kẹta. Ó ní ọjọ́ méjì tó wà láàárín ni òun fi kọ́ ọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ra Honda bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ìró ni n ó fi gun Honda?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gun alùpùpù, àfi kó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, kó há táńkì epo mọ́ itan. Vespa kò ní nǹkan kan láàárín. Ńṣe lo máa wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ yàrá, wàá jókòó bí ẹni jókòó sórí àga, irin gbàǹgbà tó wà níwájú yóò sì máa gba ẹrẹ̀ sára kó má bàa ta sí ọ láṣọ.

Ọkùnrin tó ya àwòrán rẹ̀, Corradino D'Ascanio, kò fẹ́ràn alùpùpù rárá. Ohun tó ń fò lójú ọ̀run ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti ṣe hẹlikópítà kan tó fakọ yọ ní Ítálì lọ́dún 1930. Iléeṣẹ́ Piaggio tó wà ní Pontedera, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì tó wó o. Ogun parí, wọn ò lè padà sídìí ọkọ̀ òfuurufú bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń wá ohun tí owó wọn ká, tí wọn yóò máa gùn lọ síbi iṣẹ́. D'Ascanio wá ro gbogbo ohun tó ń bí i nínú lára alùpùpù: ṣéènì tó ń ta epo dúdú sí ṣòkòtò, táyà tó nira láti pààrọ̀ lójú ọ̀nà, ìjókòó bíi ti ẹlẹ́ṣin. Ó yọ ṣéènì dànù, ó gbé ẹ́ńjìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó sì fi apá kan ṣoṣo gbé táyà iwájú dúró bíi ti ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni wọ́n kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Florence. Wọ́n ní nígbà tí Enrico Piaggio rí ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìdí ràbàtà yẹn, tó tún gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó ní ó jọ agbọ́n. Agbọ́n náà ni vespa lédè wọn.

Mo gbé ìtàn yìí lọ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Ó ti ta mí lójúgun lẹ́ẹ̀mejì kó o tó wá sọ fún mi." Irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ṣáná sí i ló ń sọ. Bí iná bá jó ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnì, irin náà á ta padà, á sì bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lójúgun.

A fi pikọ́ọ̀pù gbé e wá sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Vespa kò ní egungun. Alùpùpù ní irin tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà yòókù mọ́. Vespa kò ní irú rẹ̀. Páànù rẹ̀ ni egungun rẹ̀, bíi ti alákàn. Nítorí náà, bí páànù bá dógùn-ún, a ò lè sọ pé ara lásán ló bà jẹ́. Ti Ìyá Nọ́ọ̀sì ti dógùn-ún níbi ìtẹ́sẹ̀ débi pé mo ń rí ìka ẹsẹ̀ mi láti òkè. Ìgbẹ́ adìyẹ ló sì fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí ìgbẹ́ adìyẹ ń jẹ irin ju òjò lọ.

Mo lọ wá bàbá kan tó ti ń tún Vespa ṣe láti àyé Gowon. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń tà báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé VBC1T, àmì irú Vespa, ni wọ́n tẹ̀ sára tèmi, ó dìde kúrò nídìí ọjà rẹ̀. "Tíṣà," ló ń pè mí láti ọjọ́ yẹn. Kò fọwọ́ kan ohunkóhun fún mi. Yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì, yóò máa jẹ obì, yóò máa fi ẹnu darí mi. Ìgbà kan ṣoṣo tó dìde, ọwọ́ ló fi gbá mi. Mo fẹ́ yọ táyà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní afẹ́fẹ́. Rìímù Vespa, bí ìdajì igbá méjì tí wọ́n dé pọ̀ ló rí. Àwọn nọ́ọ̀tì kan di ìdajì méjèèjì mú, àwọn mìíràn sì di gbogbo rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tó dé ìdajì pọ̀ ni mo ti ki sípánà bọ̀. Bí mo bá tú u pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà, ìdajì igbá yẹn á fò jáde, ojú mi ni ì bá sì bá. Bàbá ò sọ nǹkan kan lẹ́yìn ìgbá yẹn. Ó padà lọ jókòó, ó bu obì mìíràn sẹ́nu.

Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Pístìn ti gan mọ́ inú sílíńdà láti ìgbà kan láàárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí yá Vespa lọ sóde, tó sì da epo bẹntiróò sí i láìfi ọ́ìlì kún un. Ẹni náà ti di bàbá ńlá báyìí, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnì yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì pístìn ń gbé lọ́tọ̀. Inú epo bẹntiróò ni wọ́n ń po ọ́ìlì sí, mílílítà 20 sí lítà kan, epo náà ni yóò sì gbé e dé ibi tí irin ti ń ha irin. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí pístìn á fi gbóná, tí á wú, tí á sì há.

A yọ pọ́lọ́ọ̀gì, a da dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíà sínú ihò rẹ̀. Ní àràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, mo ń di fíláwíìlì mú, mo ń mì í síwá sẹ́yìn. Ọjọ́ kìn-ín-ní, òkúta ni. Ọjọ́ kẹfà, òkúta ni. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo gbọ́ ìró kékeré kan, bíi ti ẹni tó ya èèpo ògiri gbígbẹ, fíláwíìlì sì yí bí ìbú èékánná. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò mi fi sáré jáde pẹ̀lú àdá. Lẹ́yìn náà la gbé sílíńdà lọ sọ́dọ̀ àwọn onílátì, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀ sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pístìn tó fi ìwọ̀nba tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo ń wá pístìn yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn ẹbí agbọ́n yìí ò jìnnà sí wa rárá. Ní Íńdíà, iléeṣẹ́ Bajaj gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio, wọ́n ń ṣe Vespa títí àṣẹ náà fi parí lọ́dún 1971. Lọ́dún 1972, wọ́n fún tiwọn ní orúkọ mìíràn, Chetak, wọ́n sì ń bá a lọ. Bajaj yìí kan náà ni orúkọ tó wà lára ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà tó kún títì wa. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà náà, tí a fi orúkọ Buba Marwa pè nítorí ìgbà tó ń ṣàkóso Èkó lábẹ́ ìjọba ológun, inú ìdílé agbọ́n ló ti wá: lọ́dún 1948 ni Piaggio sọ Vespa di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pè é ní Ape. Oyin ni ìtumọ̀ ìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ Màrúwà lọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, ẹ̀yìn ọmọ ìyá agbọ́n lẹ jókòó sí.

Mo rí ẹ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí gíà Vespa: wàá fa kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra, wàá yí ọwọ́ náà sára fún gíà kìn-ín-ní, wàá yí i síwájú fún èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Òfo wà láàárín ìkìn-ín-ní àti èkejì, inú òfo yìí gan-an ni mo máa ń já sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń fi pápá iléèwé wa kọ́ ọ, ọmọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n yá a wò." Kò rí Vespa rí láyé rẹ̀. Ó jókòó, ó fa kílọ́ọ̀ṣì, ó yí gíà kìn-ín-ní, èkejì, ẹ̀kẹta, ó yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó padà wá dúró níwájú mi. "Kẹ̀kẹ́ náà ni," ló wí. "Ẹsẹ̀ kan ló kúrò níbẹ̀."

Kí n tó dé orí ìyẹn ṣá, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ti dá ìjà sílẹ̀.

Mo fi omi àti sáńpépà fọ ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Funfun tó ti sán ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀ ewé. Lábẹ́ àwọ̀ ewé ni pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara páànù, àti lábẹ́ pátápátá, níbi tí omi ò dé lẹ́yìn fìtílà iwájú, búlúù kan báyìí, búlúù òfuurufú àárọ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó hú góòlù. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lókè òkun ní òfin kan, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé: ńṣe ni kó o dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò níléeṣẹ́. Bó bá ṣe sún mọ́ ọjọ́ yẹn tó ni iyì rẹ ṣe máa pọ̀ tó. Mo gba òfin yìí gbọ́ bí ẹni gba ìràpadà. Gbogbo ohun tí kì í ṣe ti Ítálì lára rẹ̀ ni mo tú dànù: bóòtù kẹ̀kẹ́, ṣílípáàsì rọ́bà tí wọ́n gé fi dí ibi tó ń dún, àwo irin burúkú kan tó ní ìwọ̀ mẹ́rin, tí wọ́n fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọ tó ń ra àlòkù irin kiri àdúgbò. Mo ra ọ̀dà búlúù.

Mo lọ sí Ìṣẹ́yìn, mo fi fọ́tò búlúù abẹ́ fìtílà yẹn han Ìyá Nọ́ọ̀sì nínú fóònù.

"Ta ló mọ̀ ọ́n ní búlúù?" ló wí.

Mo ní bó ṣe jáde láti Ítálì nìyẹn.

"Ṣé Ítálì ni mo ti ń gbẹ̀bí ni?"

Ìgbà yẹn ló wá ròyìn fún mi. Búlúù náà ò lò tó ọdún kan. Òun àti Vespa já sínú gọ́tà lọ́nà oko, pánẹ́ẹ̀lì-bítà tún un ṣe, ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn lọ́rì ni ọkùnrin náà sì fi kùn ún. Bó ṣe di àwọ̀ ewé nìyẹn. Ó wá fi àwọ̀ ewé yìí ń rìn lóru lọ sílé aboyún, nínú igbó, níbi tí kò sí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Fìtílà rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ju ti ìmọ́lẹ̀ àtùpà lọ, torí iná fólítì 6 ni. Lóru ọjọ́ kan, ọdẹ kan na ìbọn sí i láàárín koríko kó tó gbọ́ ohùn èèyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì ra ọ̀dà funfun, búrọ́ọ̀ṣì ilé ló sì fi kùn ún fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, funfun ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, láti Ìṣẹ́yìn dé Òkèhò. Ó ní bí àwọn ọmọdé bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á máa ké pé "Nọ́ọ̀sì Oní-Fẹ́sípà, ta ló fẹ́ bímọ?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Irin Bàbá Alágbẹ̀dẹ ńkọ́? O ò gé e?"

Mo bi í pé irin wo.

"Èyí tó ń di àpótí mi mú."

Àpótí ìgbẹ̀bí ni: abẹ́, òwú, ẹ̀mú, oògùn, aṣọ funfun. Àpótí náà máa ń yọ̀ dànù lójú ọ̀nà olókùúta, ìgò oògùn ń fọ́. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ìṣẹ́yìn, tí Ìyá Nọ́ọ̀sì gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀, ló rọ àwo yẹn láti inú irin ọkọ̀ tó ti kú, ó wọn àpótí, ó ṣe ìwọ̀ mẹ́rin sí i, kò sì gba kọ́bọ̀. Lórí àwo náà ni wọ́n dá àpótí lé ní alẹ́ ọjọ́ tí aboyún kan ò lè dúró mọ́, tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n gbé sẹ́yìn Vespa tí ẹnì kan sì ń sáré tẹ̀lé wọn. Wọn ò dé ilé ìwòsàn. Abíọ́nà lorúkọ ọmọ náà, ó sì ti bí ọmọ tirẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ jáde pé mo ti tà á. Mo rántí pé mo sọ iye tí wọ́n fún mi lórí gbogbo irin náà, bí ẹni pé iye yẹn lè ṣàlàyé nǹkan kan. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn ń wo adìyẹ tó ń tú ilẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀.

Mo wá irin yẹn kiri. Mo bá ọmọ tó rà á, ó mú mi dé ibi tí wọ́n ń kó o jọ, òkè irin tó ga ju ilé lọ, wọ́n sì ní èyí tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn ti wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Mo padà lọ sọ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì pé n ó wá alágbẹ̀dẹ mìíràn, yóò rọ òmíràn tó jọ ọ́. "Báwo ló ṣe rí?" ló bi mí. Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń rí irin náà ní gbogbo Sátidé, mi ò wò ó dáadáa rí. Mo ní fọ́tò gbogbo ìdè ẹ́ńjìnì yẹn, títí kan ti kabúrétọ̀ láti ìhà mẹ́fà.

Mo fi ọ̀dà búlúù kun ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ mi. Funfun ni mo kun Vespa, ihò ríbẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ìjókòó ni mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò dí wọn. Bàbá tó ń jẹ obì ní kí n dí wọn kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mi ò dí wọn.

Ìyókù ò gba ìtàn púpọ̀. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì, wáyà gíà méjì, wáyà bíréèkì, gbogbo rẹ̀ ni mo fi wáyà kẹ̀kẹ́ fà kọjá nínú páànù pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti èébú. Pọ́ìǹtì iná, bébà páálí sìgá ni bàbá ní kí n fi wọ̀n ọ́n. Mo fi ohun èlò ìwọ̀n tí mo rà wò ó lẹ́yìn náà, páálí sìgá tọ̀nà. Ó kọ́kọ́ ń yọ èéfín funfun bí ìgbà tí wọ́n ń sun koríko tútù, torí síìlì tó ti gbó jẹ́ kí ọ́ìlì gíà wọ ibi tí kò yẹ. A tún un tú. A tún un dè. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò sí ìgbéyàwó, mo tẹ irin lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì kùn.

Mo gùn ún lọ sí Ìṣẹ́yìn láti Ìbàdàn. Kò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ, pẹ̀lú ìsinmi tí mo fún ẹ́ńjìnì. Nígbà tí mo yà wọ àdúgbò, Ìyá Nọ́ọ̀sì ti dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú. Wọ́n ní ó ti gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ ọjà. Ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn kan, ó dúró lẹ́yìn Vespa, ó ń wo ihò mẹ́fà yẹn, ó fi ìka kan kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó fa imú.

"Àkànní, mélòó lo pò ó?"

Mo ní mílílítà 20 sí lítà kan, bí ìwé ṣe wí.

"Irọ́ ni."

Irọ́ ni lóòótọ́. Nílé epo, ẹ̀rù pístìn gígan ti bà mí, mo ti fojú díwọ̀n da ọ́ìlì lé e, mo tún da díẹ̀ sí i fún ẹ̀mí gígùn. Ó wọlé, ó pẹ́, mo ń gbọ́ tó ń ṣí àpótí. Ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóúnjẹ ló mú jáde, ó ti pọ́n bí ọtí, ṣùgbọ́n àwọn ìlà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì hàn. Òun ló fi ń wọn ọ́ìlì láti 1975: ìgò kan dé ìlà 100 fún lítà 5.

"Fà á jáde," ló wí.

Mo bá fi ẹnu sí rọ́bà, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń fa epo bẹntiróò jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń ta sí mi lẹ́nu, ó sì dúró lórí mi, ó gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, ó ń wo ìlà.